Kànga Màmá Tíṣà àti Sókàwéè Bàbá Mi

Iṣẹ́ wolé-wolé ni mò ń ṣe ní káńsù wa láti ìgbà tí mo ti wà ní àpọ́n. Àwọn ará Ìsọlọ̀ mọ̀ mí, pàápàá àwọn tí gọ́tà iwájú ilé wọn dọ̀tí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá ẹ̀ka wa, tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ kọ ìwé ètò lórí àyípadà ojú ọjọ́, èmi ni màá sì kọ abala tó jẹ mọ́ omi abẹ́ ilẹ̀.

"Àwọn tó kàwé jù ẹ́ lọ á kọ nípa èéfín àti oòrùn," ó ní. "Ìwọ lo mọ ibi tí kànga wà. Lọ bá wa wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀."

Ohun tí ètò náà dá lé kò ṣòro. Òjò tó ń rọ̀ nísinsìnyí kì í rọ̀ bíi ti ìgbà tí a wà lọ́mọdé. Ó lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ́n bí ojú, kó wá rọ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo bí ẹni pé wọ́n da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àgbàrá á kún gọ́tà, á bo ẹnu kànga mọ́lẹ̀, á sì ya wọ inú sókàwéè, ìyẹn ihò ẹ̀yìnkùlé tí ẹ̀gbin ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń dà sí. Níbi tiwa, téèyàn bá gbẹ́lẹ̀ díẹ̀, ó ti kan omi. Páìpù ìjọba kò dé òpópónà wa, nítorí náà omi kànga àti ti bóhòlù ni à ń mu, òun la fi ń sebẹ̀, òun la fi ń wẹ ọmọ.

Wọ́n fún mi ní ẹnì kejì, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa omi abẹ́ ilẹ̀ ní yunifásítì. Èmi di téèpù mú, òun di máàpù mú. A bẹ̀rẹ̀ láti Jakande, a gba ẹ̀yìn àwọn ilé iṣẹ́ kọjá, a dé Àjàó Estate, níbi tí onílé kan ti ní kí á dúró sẹ́nu géètì kí òun kọ́kọ́ pe lọ́yà òun. Ní ilé kọ̀ọ̀kan, a ń wọn bí kànga ṣe jìnnà sí sókàwéè tó. Òpópónà tí èmi fúnra mi ń gbé la fi parí rẹ̀. Mo rò pé ibẹ̀ ló máa rọrùn jù.

Ilé Màmá Tíṣà wà lẹ́yìn ilé wa gan-an, ògiri kan ló là wá láàárín. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àwọn ló sì kọ́ mi ní kíláàsì kẹrin. Ọkọ wọn tó ti di olóògbé ló gbẹ́ kànga ilé wọn, gbogbo àdúgbò ló sì ń pọn níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le: o ò gbọdọ̀ wọ bàtà dé ẹnu kànga, o ò sì gbọdọ̀ ju korobá tìrẹ sínú rẹ̀. Korobá tiwọn nìkan ló ń wọlé. Bí àlejò bá dé, inú ife gíláàsì ni wọ́n ti ń bu omi náà fún un, wọ́n á gbé ife lé àwo kékeré.

Bí wọ́n ṣe ṣe fún èmi àti akẹgbẹ́ mi náà nìyẹn lọ́jọ́ tí a lọ. Mo mu tèmi tán. Akẹgbẹ́ mi fẹnu kan tirẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀. Lẹ́yìn náà la bu omi sínú ìgò, a gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Kòkòrò tó máa ń wà nínú ìgbẹ́ èèyàn wà nínú omi náà, ó sì pọ̀. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì lórí ìdúró. Mo ní kí akẹgbẹ́ mi jẹ́ kí n dá lọ sọ fún Màmá Tíṣà.

"Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ ò mọ̀ ńkọ́?" ó bi mí. A jọ lọ.

Màmá Tíṣà wọ awò ojú wọn, wọ́n ka ìwé náà tán, wọ́n wá wò mí.

"Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé ìgbẹ́ ni mò ń fún àwọn èèyàn mu?"

"Ẹ má sọ ọ́ báyẹn, mà."

"Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́? Èmi ni mo kọ́ ẹ ní ìwé kíkà. Ohun tí wọ́n kọ síbí nìyẹn."

Wọ́n jókòó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kékeré kan, ọmọ ayálégbé wọn, tó máa ń yàgbẹ́ gbuuru ní gbogbo àsìkò òjò, tí wọ́n ti gbé lọ sọ́sibítù lẹ́ẹ̀mejì. "Mo ní eyín ló ń hù," wọ́n ní. "Èmi ni mò ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé eyín ni." Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbójú sókè, wọ́n béèrè pé, "Ìgbẹ́ ta ni?"

Akẹgbẹ́ mi ló dá wọn lóhùn. Ó ní ìyẹ̀fun kan wà tí kì í pa èèyàn lára, tí a lè dà sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí ẹ̀gbin ibẹ̀ bá ń jò lọ sínú kànga, omi kànga á yí padà di àwọ̀ ewé. Ilé kan la máa ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ wa lójú.

Ilé mẹ́ta ló sún mọ́ kànga náà. Màmá Tíṣà ní dandan, láti orí tàwọn ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. A dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, omi kò yí padà. A ṣe ti aládùúgbò wọn lápá ọ̀tún, omi kò yí padà. Ní gbogbo àkókò yìí Màmá Tíṣà ti fi àgádágodo ti ẹnu kànga, àwọn tó wá pọnmi sì ń bínú padà sílé.

Ó wá ku ilé wa. Mo da ìyẹ̀fun náà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

"Dádì, ṣé ó dá yín lójú?"

"Kí iṣẹ́ lè pé ni," mo ní. Òótọ́ ni mo sọ. N kò rò ó rárá pé ó lè jẹ́ tiwa. Èmi ni mò ń wọ ilé onílé lọ wo ẹ̀gbin wọn.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, bí mo ṣe ń jẹun ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́, Màmá Tíṣà gba géètì wa wọlé. Wọ́n rọra ń rìn, nítorí ife gíláàsì tó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé e síwájú mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ọbẹ̀. Omi inú rẹ̀ dà bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ.

"Tìẹ ni," wọ́n ní.

Ìyàwó mi ní kí wọ́n jókòó. Wọn kò jókòó. Wọ́n fi ife náà sílẹ̀, wọ́n lọ.

Mo rántí ọjọ́ tí bàbá mi gbẹ́ sókàwéè náà. Mo wà ní kékeré, mo dúró tì wọ́n. Láti ẹnu kànga tiwa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ka ìṣísẹ̀, wọ́n ń kà á sókè, wọn kò sì dúró títí wọ́n fi kan ògiri ẹ̀yìn. Inú wọn dùn pé ó jìnnà dáadáa sí omi wa. Kò sí ẹni tó ka ìṣísẹ̀ kankan lódì kejì ògiri. Èmi náà kò kà á, bẹ́ẹ̀ téèpù ti wà lọ́wọ́ mi fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà tó kan kíkọ abala wa, ọ̀gá wa ní kí n kọ ọ́ pé ilé kan ládùúgbò ló fà á. "Má fi ara ẹ síbẹ̀," ó ní. "Wọ́n á máa fi káńsù ṣe yẹ̀yẹ́." Mo gbé ìwé náà lọ sílé, mo gbé e padà wá. Mo kọ ọ́ pé ilé ẹni tó kọ abala yìí ni. Ọ̀gá wa kà á, ó mi orí, ṣùgbọ́n kò pa á rẹ́.

Kí wọ́n tó tẹ ìwé náà, wọ́n pe àwọn ará ìlú sí gbọ̀ngán káńsù láti wá sọ tẹnu wọn. Èmi ni mo dúró síwájú máàpù. Bàbá onílé kan dìde, inú ń bí i.

"Sókàwéè mi ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹ," ó ní. "Kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan."

"Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe rò nípa tèmi, sà," mo dáhùn. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún wọn bó ṣe ṣẹlẹ̀, títí kan ife gíláàsì. Mo rò pé mo ti ṣe iṣẹ́ ńlá.

Bàbá náà kò tíì jókòó. "Ìgbà wo lo wá dí i pa?"

"N kò tíì dí i, sà."

Ẹ̀rín bú jáde láti iwájú dé ẹ̀yìn. Màmá Tíṣà wà ní ìlà kejì, wọn kò rẹ́rìn-ín. Bàtà wọn ni wọ́n ń wò. Ó ti tó oṣù méjì tí wọ́n ti gbé ife náà wá bá mi, mo sì ti ń sọ fún ara mi pé mò ń dúró kí ètò jáde kí n lè tẹ̀ lé e bó ṣe yẹ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo pe bíríkìlà. Nígbà tó ṣí sókàwéè náà, tó sì fa ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde, mo rí bí bàbá mi ṣe to búlọ́ọ̀kù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n fi àlàfo tó dọ́gba sílẹ̀ láàárín wọn kí omi lè máa jò jáde. Iṣẹ́ náà mọ́. Wọn kì í ṣe iṣẹ́ jákujàku. A dí i pa, a sì kọ́ òmíràn síwájú ilé, a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ abẹ́ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ohunkóhun má lè jò, ọkọ̀ ló sì ń wá fa ẹ̀gbin rẹ̀ báyìí. Ibi tí ìyàwó mi gbin ẹ̀fọ́ sí ló bọ́ sí.

"Iwájú ilé wá di ẹ̀yìnkùlé," ó ní. Ó fúnra rẹ̀ tu ẹ̀fọ́ náà, ó pín in fáwọn aládùúgbò.

Màmá Tíṣà gbọ́ ìró iṣẹ́. Wọ́n gun àpótí lódì kejì ògiri, wọ́n yọjú, wọ́n sì ń pàṣẹ fún bíríkìlà pé kó jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ gbẹ kó tó rẹ́ ti òkè. Bíríkìlà bi mí pé ta ni màmá yẹn. Mo ní àwọn ni wọ́n ni iṣẹ́.

A tún omi wọn yẹ̀ wò nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kòkòrò inú rẹ̀ ti dín kù gan-an. Òjò bẹ̀rẹ̀, díẹ̀ padà wá, nítorí ilé pọ̀ ládùúgbò, sókàwéè sì wà ní gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Màmá Tíṣà fi sìmẹ́ńtì gbé ẹnu kànga sókè kí àgbàrá má baà dé ibẹ̀ mọ́, wọ́n kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé aṣọ nìkan ni kí a máa fi omi náà fọ̀. Àwọn kan ń tẹ̀ lé e. Ọmọ ayálégbé wọn kò tíì padà sọ́sibítù láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n n kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ohun tí a ṣe ló fà á.

Fún bí ọdún kan, Màmá Tíṣà ń dáhùn bí mo bá kí wọn, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìsìn, wọ́n bi mí bóyá ìwé náà ti jáde. Mo ní ó ti jáde. Wọ́n ní kí n mú ọ̀kan wá, wọ́n sì fi bírò pupa ṣàtúnṣe àmì ohùn méjì nínú abala mi.

Òfin kan jáde látinú abala náà: ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé tuntun gbọ́dọ̀ ya kànga àwọn tó yí i ká sínú àwòrán ilé rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn bíríkìlà máa ń wá sí ọ́fíìsì wa wá wo ojú ewé tí àpẹẹrẹ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé ètò náà, ojú ewé yẹn sì ti fẹ́ já kúrò nínú ìwé.