Ìwádìí tí A Ṣe Nípa Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin

Bí ọmọ rẹ bá fẹ́ lọ gbé fún ọdún mẹ́ta ní ilé kan lókè òkun, tí ẹsẹ̀ rẹ kò tẹ̀ rí, tí iṣẹ́ tí yóò ṣe láyé sì rọ̀ mọ́ ohun tí ilé náà bá fún un bọ̀ wálé, ta ni ìwọ ìbá bi léèrè kí o tó yọ̀ǹda rẹ̀? Ní tiwa ní Àjàṣẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni gbogbo ẹbí máa ń fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́.

Òun ni olùwádìí wa. Kò sí ìyàwó tó wọ agboolé wa, kò sì sí ọmọbìnrin tó ti ibẹ̀ relé ọkọ, tí kì í ṣe ìyá yìí ló kọ́kọ́ lọ wo ilé àwọn àna. Ọ̀nà tirẹ̀ kò yí padà. Kì í bi ọkùnrin tó ń wá ìyàwó nípa ara rẹ̀, nítorí kò retí kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu ara rẹ̀ ba ara rẹ̀ jẹ́. Ìyá ọkùnrin náà ni í lọ bá. Àṣà kan sì wà láàárín wa láyé ìgbà náà tí gbogbo ìyá ilé bọ̀wọ̀ fún: bí wọ́n bá wá wádìí ọmọ rẹ, ìwọ fúnra rẹ ni yóò kọ́kọ́ sọ àbùkù tó bá wà, kí wọ́n má baà gbọ́ ọ níta. Àbùkù tí ìyá bá fi pamọ́ lọ́jọ́ náà, òun ni yóò jẹ̀bi rẹ̀ títí ayé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ ni mo ń wá. Òfin ni mo fẹ́ kọ́.

Òmìnira kò tíì pẹ́ tí a gbà á. Mo ti yege nínú bac, ìdánwò tí a fi ń jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ṣùgbọ́n Dàhòmì, orílẹ̀-èdè wa tí à ń pè ní Benin lónìí, kò ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tirẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ ìmọ̀ òfin, Dakar ni yóò forí lé, tàbí ilẹ̀ Faransé. Olùkọ́ mi kan, obìnrin Faransé tó ń kọ́ wa ní ìtàn, bá mi wá àyè sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga aládàáni kan nílùú rẹ̀, èyí tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá sílẹ̀. Wọ́n gbà mí. Wọ́n tún ní ibùgbé àwọn ọmọbìnrin wà nínú ọgbà, pé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kì í ṣí mọ́ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Gbólóhùn yìí dùn mọ́ bàbá mi ju gbogbo ẹ̀kọ́ òfin lọ.

Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Olùkọ́ ni bàbá mi ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ó sì ní ọ̀rẹ́ kan tó gba ìwé ẹ̀rí bọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan lókè òkun. Àwọn aláṣẹ kò ka ìwé náà sí. Ọ̀rẹ́ náà fi dígí bò ó, ó gbé e kọ́ sára ògiri, ó sì ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ láràárọ̀. Bàbá mi kì í dárúkọ ọ̀rẹ́ yìí láìmí kanlẹ̀.

"Mo fẹ́ kó lọ," ó wí. "Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó gbé ìwé tí a ó máa nu eruku rẹ̀ bọ̀ wá bá mi."

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni, lẹ́yìn ìsìn, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Àbúrò bàbá mi ọkùnrin, tí ọ̀rọ̀ kì í ká mọ́ lẹ́nu, fi ẹ̀rín sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fẹ́ fi ọmọ Mẹ́tọ́díìsì fún àwọn àlùfáà Kátólíìkì? Agbẹjọ́rò ni ẹ ó rán lọ o. Obìnrin oníborí funfun tí kì í lọ́kọ ni yóò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi."

"Ìwọ tí o ti ń lọ sí Mẹ́tọ́díìsì láti kékeré, kí ni ó sọ ọ́ dà?" ni ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin dá a lóhùn. Ó wá yíjú sí bàbá mi. "Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà lé mi lọ́wọ́. Èmi mọ bí wọ́n ṣe ń wádìí ilé."

"Ilé-ẹ̀kọ́ mà ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe ilé àna."

"Ṣé kò lọ́mọ ni? Ta ló ti ibẹ̀ jáde nílùú yìí?"

Ẹnì kan ṣoṣo ni a mọ̀: ọ̀dọ́mọkùnrin agbẹjọ́rò kan ní Tokpota, àdúgbò kan nínú Àjàṣẹ́. Bàbá mi ní kí a kọ̀wé sí i. Ìyá Àgbà, bí gbogbo àwa ọmọ ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí, mi orí rẹ̀. Ó ní ọkùnrin náà yóò yin ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ dandan, nítorí bí ó bá bù ú kù, ara rẹ̀ ló bù kù. Ìyá rẹ̀ ni òun yóò lọ bá.

A gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìyá Àgbà wọ aṣọ òkè aláwọ̀ aró rẹ̀, èyí tó fi í ṣe gbogbo ìwádìí, ó sì ní kí n di irun mi dáadáa. Ìyá agbẹjọ́rò náà ń ta òwú, bọ́tìnnì àti abẹ́rẹ́ ní ìsọ̀ kékeré kan níwájú ilé rẹ̀. Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, ìyẹn náà kúnlẹ̀ dá a lóhùn, wọ́n kí ara wọn dé orí ewúrẹ́ ilé. Nígbà náà ni Ìyá Àgbà wí pé:

"Ìwádìí ló gbé wa wá. Ọmọ yín tó kọ́ òfin lókè òkun, òun ni a wá bèèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀."

Obìnrin náà wo aṣọ Ìyá Àgbà. Ó wo irun mi. Ó fi èdè Gùn ké sí aládùúgbò rẹ̀ pé kó bá òun wo ìsọ̀, ó sì mú wa wọlé, ó bu omi tútù fún wa.

"Súnmọ́ mi níbí, ìyàwó mi," ó wí fún mi.

Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo ọmọbìnrin ní Tokpota nìyẹn. Mo súnmọ́ ọn.

Ó jókòó, ó tún ìró rẹ̀ dì. "N kò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọmọ mi kì í mutí, kì í lu ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà. Nígbà tó kọ́kọ́ ti ọ̀hún dé, a pa àgùntàn, a jó. Ó gbé ìwé rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́. Wọ́n ní ìwé náà dára, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ló fún un, kì í ṣe ìjọba. Wọ́n ní níbo ni ti ìjọba wà? Kò ní in. Kò mọ̀ pé ìdánwò ọ̀tọ̀ ni. Ó tún padà sókè òkun, ó lọ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ìjọba bí ọmọdé. Ìdí nìyí tó fi pẹ́ kó tó níṣẹ́, tó fi pẹ́ kó tó wá ìyàwó. Kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ."

Ohun tí bàbá mi ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn, obìnrin yìí sì gbé e kalẹ̀ síwájú wa láìjẹ́ pé a tíì bèèrè.

Bí ó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni agbẹjọ́rò náà wọlé fún oúnjẹ ọ̀sán, pẹ̀lú ìwé lábẹ́ apá.

"Ó dé! Wá kí ìyàwó rẹ àti àwọn àna rẹ."

Ó wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ìyá Àgbà ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ yé, ó sì dìde dúró.

"Háà! Ẹ jọ̀wọ́, ìyá mi, ilé-ẹ̀kọ́ tó lọ ni a wá wádìí. Ibẹ̀ ni ọmọ wa fẹ́ lọ."

"Ilé-ẹ̀kọ́?" Obìnrin náà la ẹnu sílẹ̀. "Ẹ sì jẹ́ kí n tú gbogbo inú ilé mi síta fún yín! Bí mo bá mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ ni, ṣé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń yìn ín ni? Ẹ pọ omi mi padà!"

Ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ìyá rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí tó fi gbá orúnkún. Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ pátápátá bẹ̀ ẹ́. Agbẹjọ́rò náà fa àga kan súnmọ́ wa, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ láìfi ọ̀kankan pamọ́, nítorí kò sí ohun tó tún kù láti fi pamọ́ mọ́. Ó ní àwọn olùkọ́ ibẹ̀ mọṣẹ́, wọ́n sì mọ akẹ́kọ̀ọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n lọ. Ṣùgbọ́n láti ọdún kìíní ni kí n ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ìjọba, kí n máa ṣe é lọ́dọọdún pẹ̀lú ti ilé-ẹ̀kọ́, bó ti wù kó rẹ̀ mí tó. Òun ò rí ẹni sọ bẹ́ẹ̀ fún òun.

Nígbà tí a délé, bàbá mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, báwo ni ilé náà?"

"Ilé dáadáa ni," Ìyá Àgbà dáhùn, ó sì ń tú gèlè rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó inú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Kí ọmọ yìí dé mẹ́rì pẹ̀lú, kí ìjọba so wọ́n pọ̀."

Kò sí ẹni tó ní kó túmọ̀ rẹ̀ nílé wa, nítorí ní Àjàṣẹ́ gbogbo wa ló mọ̀ pé àdúrà àlùfáà nìkan kò lè fi obìnrin ṣe aya lójú ìjọba, àfi bí tọkọtaya bá tún dé mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú. Bàbá mi mí kanlẹ̀, ó sì gbà.

Mo wọkọ̀ ojú omi kí ọdún ilé-ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìdánwò méjì ni mo ń ṣe lọ́dọọdún. Mo fìdí rẹmi nínú ti ìjọba lẹ́ẹ̀kan, mo tún un ṣe, mo yege. Ìwé ti ìjọba ni mo fi gba iṣẹ́ ní ilé ẹjọ́ Àjàṣẹ́. Ti ilé-ẹ̀kọ́ náà wà lára ògiri bàbá mi títí ó fi kú.