Èyí tó yé Dádì ni mo fi sí i

Ẹ̀yin èèyàn mi, lónìí ni bàbá mi ní mo ti pa kọ̀ǹpútà àwọn!

Bùọ̀dá mi, Délé, ló fi kọ̀ǹpútà Linux kékeré kan, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ránṣẹ́ sí Dádì láti Èkó wá sí Aládé níbí. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Dádì, wọ́n fẹ́ máa fi kọ ìtàn ìlú wa. Oríṣiríṣi ètò Linux ló wà, èmi ni wọ́n ní kí n yan èyí tí yóò máa darí ẹ̀rọ náà.

Bùọ̀dá Délé ní, "Fi èyí táwọn ọ̀gá kọ̀ǹpútà ń lò sí i."

Mo fi sí i. Ojú ẹ̀rọ dúdú kirikiri, àmì funfun kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́jú níbẹ̀, tó ń retí kí a tẹ àṣẹ.

Dádì wò ó, wọ́n wò mí. "Àbí o ti pa á ni?" Wọ́n rọra gbé e sílẹ̀, wọ́n ní bírò ti tó àwọn. Ó dùn mí gan-an.

Ni mo bá yọ ọ́, mo fi ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ sí i. Àwòrán lèyí ń fi hàn. Dádì tẹ àwòrán ìwé, ó ṣí! Wọ́n ń wá lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi kọ Àbẹ̀kẹ́, tòun ti àmì ohùn rẹ̀.

"Ìyá Délé, wá wo oríkì rẹ!"

Mọ́mì sáré wá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Bùọ̀dá Délé bá pè, mo sọ èyí tí mo fi sí i, ó ní ètò yẹn ti kéré jù. Dádì gba fóònù lọ́wọ́ mi:

"Délé, ṣé mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni? Jẹ́ kí n kọ́ èyí tó yé mi ná!"

Ẹ dákun, ta ló jàre, èmi àbí bùọ̀dá mi?