Ìwà Rere Aṣílẹ̀kùn

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún yìí, ìgbìmọ̀ tó ń dín ẹ̀wọ̀n kù fọwọ́ sí i pé kí wọ́n dá ọkùnrin kan sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, fún ìgbà karùn-ún. Mo ka ìwé ìpinnu wọn lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tún bi akọ̀wé wọn léèrè. Karùn-ún ni. Ìdí kan náà ni wọ́n ń kọ síbẹ̀ nígbà gbogbo: ìwà rere.

Aṣílẹ̀kùn ni wọ́n ń pè é. Nígbà àkọ́kọ́ tó dé ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ti kọ́ ọ níṣẹ́ kọ́kọ́rọ́, kó má baà padà sídìí olè. Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ ọ́ létí ju bí wọ́n ti rò lọ. Àìsàn kan ló ní: ojú rẹ̀ kì í gba àgádágodo tó bàjẹ́. Tó bá jálẹ̀kùn onílé, tó palẹ̀ ẹrù mọ́ tán, yóò jókòó tún àgádágodo ibẹ̀ ṣe, yóò fi epo sí i, kó tó máa lọ. Àwọn ọlọ́pàá kì í wulẹ̀ dààmú ara wọn. Bí ilẹ̀kùn tó ti ń ké láti ọdún mẹ́wàá bá dákẹ́ lójijì, ọ̀dọ̀ Aṣílẹ̀kùn ni wọ́n ń gbà lọ tààrà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, télọ̀, ló ń ṣe onídùúró fún un. Yàrá kan ló ní: ẹ̀rọ ìránṣọ níwájú, bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn. Lọ́tẹ̀ yìí, lánlọ́ọ̀dù ti kìlọ̀ fún un: "Ìyá télọ̀, ọjọ́ tí ọmọ yẹn bá tún sùn síbí, ẹ bá a kẹ́rù yín." Bí ẹ̀gbọ́n kò bá sì fọwọ́ sí ìwé onídùúró, àbúrò rẹ̀ yóò lo oṣù mọ́kànlá sí i.

"Ṣé ó ti yí padà?" ni Ìyá télọ̀ bi ọ̀gá wọ́dà ní ọ́fíìsì ẹnu géètì ọgbà ẹ̀wọ̀n.

"Ìyá, ọmọlúàbí ni! Odidi ọdún méjì, kò mú ohun olóhun."

"Kí ló fẹ́ mú níbí? Garawa?"

"Àǹtí mi, ẹ ṣáà fọwọ́ sí i," ni Aṣílẹ̀kùn wí. "Mo ti yí padà."

"Bíi fáànù lo ṣe ń yí. Ojú kan náà lo máa ń wà."

Ó bú wọn tán, ó fọwọ́ sí i. Ọmọ ìyá ẹni ni.

Wọ́n dé géètì, kọ́kọ́rọ́ há. Wọ́dà mẹ́ta fà á, wọ́n tì í, wọ́n làágùn. Ọ̀gá wọn húkọ́. "Aṣílẹ̀kùn, jọ̀ọ́, bá wa wò ó."

Ó yọ abẹ́rẹ́ kan láyà aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí ènìyàn tó ti òwú bọ abẹ́rẹ́, géètì ti ṣí, kò tilẹ̀ ké. Ó tún béèrè epo.

"Ẹ rí i bí?" ni ọ̀gá wí, inú rẹ̀ dùn. "Ìwà rere!"

Ìyá télọ̀ wo géètì náà láti òkè délẹ̀.

"Ọ̀gá, irin ni tiyín, abẹ́rẹ́ ló fi ṣí i. Kọ́tìnì ló wà lẹ́nu ọ̀nà tèmi. Kí lẹ ní kí n fi ṣọ́ ọ?"