Ìkúnlẹ̀ Àṣàkẹ́ àti Rélùwéè Fàsásì

Kò pẹ́ tí rélùwéè wọ Ìbàdàn tí Fàsásì, alágbẹ̀dẹ Bẹẹrẹ, fi rọ kékeré tirẹ̀ sí àgbàlá: ọkọ̀ páànù lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti dé iwájú àpótí tí Fàsásì ń jókòó sí, á yẹ̀ kúrò lójú irin. Ó pààrọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó tún irin tẹ́, ó bú adìyẹ ilé tìyá tọmọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ wá kí i, ó kúnlẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Orúnkún rẹ̀ tẹ irin wọlẹ̀.

Fàsásì figbe ta: "Àṣé ìwọ ni! Láti òní lọ, máa dúró kí mi!"

"Kí Ìyá yín rí mi, kí wọ́n ní n ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé?"

Fàsásì wo ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀. Ó dìde jẹ́jẹ́, ó gbé àpótí ẹ̀ kúrò nídìí irin.