Orúkọ Tí Ọwọ́ Mi Kò Lè Kọ

Mo ń fi aṣọ rírin nu ẹ̀yìn ìwé ìṣirò kan nígbà tí fóònù mi dún. Ìwé náà ti pẹ́ débi pé awọ rẹ̀ ń bó sí mi lọ́wọ́ bí èèpo ẹ̀pà, mo sì ń rọra nù ún kí n lè ya àwòrán rẹ̀. Inú yàrá ìkàwé iléèwé ni mo wà, èmi nìkan, fèrèsé kan ṣí, ọyẹ́ ń fẹ́ eruku padà sórí ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán. Mo wo ojú fóònù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni, èyí tó ń gbé n'Ìbàdàn, tí mò ń pè ní Ẹlẹ́yinjú.

Mo kúnlẹ̀ kí n tó gbé e. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé wa nìyẹn. Orúnkún mi kì í bèèrè bóyá ẹni náà ń rí mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹlẹ́yinjú mi."

"Iṣẹ́ wo? Ìyàwó, ibo lo kó ìwé bàbá wa sí?"

"Iléèwé ni, ma. Ìdí wọn gan-an ni mo wà yìí."

"Irọ́! Ọkọ rẹ júwe ìkànnì tí ẹ ní ẹ kọ wọ́n sí fún mi. Mo wọ ibẹ̀, mo tẹ orúkọ bàbá mi, kò gbé nǹkan kan jáde. Mo tún un tẹ̀. Òfìfo! Ṣé o ti tà wọ́n fún àwọn tó ń fi ìwé pọ́n ẹ̀pà ni?"

"Háà, Ẹlẹ́yinjú, rárá o—"

"Mò ń bọ̀ ní Sátidé pẹ̀lú mọ́tò. Èyí tí mo bá rí níbẹ̀, n ó kó o wá s'Íbàdàn. Èyí tí mi ò bá rí, wàá wá sọ ibi tó gbà."

Wọ́n pa fóònù. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ mi, aṣọ rírin lọ́wọ́. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ojú sì tì mí bí ẹni pé mo tà wọ́n lóòótọ́.

Kí n sọ bí mo ṣe débẹ̀. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ. Oyún ọmọbìnrin mi ló dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì, mi ò sì ní purọ́, mo sunkún sí i ju bí mo ṣe yọ̀ sí i lọ nígbà náà. Wọ́n fi mí fún ọkọ mi, ọkọ mi bá iṣẹ́ lọ s'Ékòó, ó fi mí sílẹ̀ ní àdúgbò Adébáyọ̀, l'Ádó Èkìtì, nínú ilé bàbá rẹ̀. Ó máa ń pè wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn. "Ṣé dáadáa lẹ wà?" "Dáadáa ni." "Ọmọ ńkọ́?" "Ó wà." Lẹ́yìn náà a ó dákẹ́, ẹni kọ̀ọ̀kan wa a máa gbọ́ èémí ẹnì kejì, títí ẹnì kan á fi ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára.

Bàbá ọkọ mi nìkan ni mo ní bí ẹni tí ń bá mi sọ̀rọ̀. Tíṣà ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Bí wọ́n bá ń bá àlejò sọ̀rọ̀, "ìwé" ni wọ́n máa ń pè é. Tó bá ku èmi àti wọn, ó di "ùwé" ti Èkìtì wa. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi á máa ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ̀gùn, wọ́n á sì kà á sókè. Bí wọ́n bá kà á dé ibì kan, wọ́n á sọ gíláàsì ojú wọn kalẹ̀, wọ́n á ní, "Kí lo rò sí i?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí láyé mi. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀wà dà nù lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí àìsàn wọn le, wọ́n ní kí n kó ìwé wọn lọ sí iléèwé tí wọ́n ti ṣe tíṣà. Èmi ni wọ́n wí fún, wọn ò wí fún ọmọ wọn kankan. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo kó wọn sínú kẹ̀kẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ tí mo bọ̀, mo gbé ọmọ mi lé orí ẹrù tó gbẹ̀yìn. Àǹtí tíṣà tó ń bójú tó yàrá ìkàwé rí àkọsílẹ̀ tí mo ṣe sára páálí, ó ní, "Ìkọ̀wé ẹ mà dára o. Ṣé wàá lè máa wá ràn mí lọ́wọ́?" Ó fi ìkànnì kan hàn mí lórí fóònù. Oríṣiríṣi iléèwé ló ń kọ ìwé tí wọ́n ní síbẹ̀. Ẹni tó wà níbòmíràn á rí i, ó lè yá a, ẹni tó bá sì ti kà á lè kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Bí ìwé bá jẹ́ tuntun, kò sí wàhálà: kí o kọ ojú fóònù sí àwọn ilà dúdú tó wà lẹ́yìn rẹ̀, fóònù á mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀.

Àmọ́ ìwé tèmi kò ní ilà. Wọ́n ti dáyé kí ilà tó dé. Ńṣe ni mo ń fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: orúkọ ìwé, ẹni tó kọ ọ́, ọdún, àwọ̀ èèpo rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ìkànnì á bi ọ́: ta ló fún yín ní ìwé yìí?

Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi dúró sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìyàwó ni mí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi omi tútù wẹ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà ilé yẹn, mi ò pe ẹnì kankan níbẹ̀ lórúkọ rí, títí dórí ọmọ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìgbéyàwó mi, tí mò ń pè ní Ọkọ Mi Kékeré. Ta ni mí tí n ó fi máa tẹ orúkọ bàbá ọkọ mi sórí fóònù, gbàlàjà, bí ẹni tó ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀? Orúkọ ìdílé nìkan ì bá tó, mo mọ̀ báyìí, àmọ́ lọ́jọ́ náà ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá pe àgbàlagbà tí kò fi "bàbá" síwájú. Mo bá kọ "Bàbá Wa". Mo kọ ọ́ sí ìdí ìwé àkọ́kọ́, mo kọ ọ́ sí ìkejì, mo kọ ọ́ dé ìdí páálí kẹrin.

Iṣẹ́ yẹn ni mo fi gba ọdún náà kọjá. Bí mo bá ti mú ọmọ dé kíláàsì rẹ̀, yàrá ìkàwé yá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ wá, àfi tí òjò bá ń rọ̀. Bàbá Wa máa ń fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ ojú ewé: "Èyí kò dá mi lójú." "Bi àwọn ọmọ léèrè lọ́la." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kọ sí abẹ́ ìwé lórí ìkànnì. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan tí mi ò mọ̀, tí mi ò mọ ìlú tó wà, fèsì: "Ta ni Bàbá Wa yìí? Wọ́n jọ ẹni tí mo mọ̀." Mo kọ ọ́ pé bàbá àgbà kan ní Adó ni. Ó ní, "Ẹ bá mi kí wọn o." Láti ìgbà náà, bí mo bá ti kọ ìwé tuntun sílẹ̀, onítọ̀hún á ní kí n kí wọn. Mi ò sọ fún un pé wọ́n ti kú. Mo fẹ́ kí ẹnì kan ṣì máa kí wọn.

Ọjọ́ Sátidé pé. Ẹlẹ́yinjú sọ̀kalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, awakọ̀ wọn kò tilẹ̀ pa mọ́tò. Mo ti gún iyán láti àárọ̀, ẹja gbígbẹ tí mo lọ rà ní Ọjà Ọba wà nínú ọbẹ̀. Wọn ò wo ìhà ibẹ̀.

"Mi ò ní fẹnu kan oúnjẹ nínú ilé yìí títí n ó fi rí ìwé bàbá mi."

A lọ. Ọmọ mi tẹ̀ lé wa. Àǹtí tíṣà ti ń dúró dè wá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Ẹlẹ́yinjú wọlé, wọ́n na ìka sí ìwé kan, wọ́n ṣí i, wọ́n rí ohun tí bàbá wọn fi pẹ́ńsù kọ. Wọ́n ṣí òmíràn. Wọ́n wá wá àga, wọ́n jókòó, wọ́n sì ń ṣí ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tán.

"Kí ló dé tí orúkọ wọn kò sí lórí ìkànnì?"

Mo ṣí fóònù, mo fi hàn wọ́n.

"Bàbá Wa?" Wọ́n wo Àǹtí tíṣà, wọ́n wò mí. "Bàbá ta ni? Ta ni kò ní bàbá ní gbogbo Èkìtì yìí?"

"Mi ò lè kọ orúkọ wọn ni, ma."

"O kàwé mẹ́wàá, o ò lè kọ orúkọ?"

"Ìyàwó ni mí, Ẹlẹ́yinjú. Ẹnu mi ò gbà á. Ọwọ́ mi náà ò gbà á."

"Ayélujára ò mọ̀ pé ìyàwó ilé ni ẹ́ o!" ni wọ́n wí. Àǹtí tíṣà bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára sọ ọ́ di ikọ́. Ẹlẹ́yinjú kò rẹ́rìn-ín. "Akẹ́kọ̀ọ́ bàbá mi ló kún ilẹ̀ yìí, tí wọ́n ń wá orúkọ wọn tí wọn ò rí i. Ó dáa. Kọ ọ́ níṣojú mi. Tí o bá kọ ọ́, n ó fi ìwé sílẹ̀. Tí o ò bá kọ ọ́, mọ́tò ń bẹ níta."

Mo gba fóònù. Mo wo pákó ìkówèésí tí mo ti fi ọwọ́ ara mi nù, àti ìwé tí mo mọ òórùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá kó wọn lọ, kí ni n ó máa jí lọ bá? Mo tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́. Mo rí wọn lórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń sọ gíláàsì kalẹ̀. Mo pa lẹ́tà náà rẹ́. Mo tún un tẹ̀, mo tún un pa rẹ́. Òógùn bo fóònù.

"Ẹ kó wọn, ma," ni mo wí. "Ẹ máà bínú. Mi ò lè ṣe é."

Mo gbọ́ tí awakọ̀ ń ṣí ilẹ̀kùn bùútù níta. Ọmọ mi ló wá fa aṣọ mi.

"Mọ́mì, èmi mọ̀ ọ́n kọ. Bàbá Àgbà kọ́ mi."

Kí n tó dá a lóhùn, Ẹlẹ́yinjú ti gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n ti fi lé e lọ́wọ́. "Ọmọ onílé ni," wọ́n wí. "Kọ ọ́, ìyá mi." Ọmọ ọdún mẹ́fà fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, ó ń yọ ahọ́n. Nígbà tó parí, Àǹtí tíṣà fi ibi kan hàn án tí yóò tẹ̀, tí gbogbo ìwé yóò fi yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tẹ̀ ẹ́. Àkókò tó gbà kò tó èyí tí ènìyàn fi ń sín. "Bàbá Wa" kò sí níbì kankan mọ́.

Ẹlẹ́yinjú mú ìlérí wọn ṣẹ. Wọn ò mú ìwé kan. Wọ́n jẹ iyán tútù nílé mi, wọ́n ní ọbẹ̀ náà dùn, wọ́n kí mi kú ìtọ́jú bàbá. Inú mi dùn sí i, mi ò ní sẹ́ ẹ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ṣí ìkànnì. Ẹni tí kò mọ̀ mí yẹn ti kọ̀wé: "Háà! Tíṣà mi ni! Mo ti ń fura! Kí Ọlọ́run fún wọn ní ẹ̀mí gígùn." Ẹlẹ́yinjú ti fèsì nísàlẹ̀ pé wọ́n ti lọ sinmi láti ọdún tó kọjá. Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wọlé wá: àwọn tó jẹgba lọ́wọ́ wọn, àwọn tí wọ́n fún ní pẹ́ńsù. Gbogbo wọn ń kí àwọn ọmọ Bàbá kú àṣẹ̀yìndè. Mo kà á títí ó fi tán. Kò sí ẹni tó kí ìyàwó ilé. Ta ló mọ̀ pé ó wà? Ẹni tó ń ní kí n bá òun kí wọn kò kọ nǹkan kan sí mi mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mò ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ̀gùn. Àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà ní àyè rẹ̀. Ọmọ mi ti ń wò mí láti ìgbà tí a ti délé.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ń bínú pé mo kọ ọ́?"

Mo ní, "Rárá, ìyá mi, mi ò bínú. Ìwọ lo bá mi dá ìwé wa dúró. Wo ilé yìí: èmi àti ìwọ la kù síbẹ̀, èmi ò sì gbọdọ̀ pe orúkọ yẹn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé wọn jáde, mi ò gbọ́ ọ nínú ilé yìí lẹ́ẹ̀kan. Wá, jókòó sórí àga wọn, wọn ò ní bá ọ wí. Gba fóònù. Ṣó o rí i níbẹ̀ yẹn, bí o ṣe kọ ọ́? Kà á sókè kí n gbọ́."