Ọ̀kẹ́ Kan Ìgbésẹ̀ fún Ife Tíì Kan

Ọdún mọ́kànlélógún ni obìnrin tí gbogbo àwa agbálẹ̀ ń pè ní Ẹnu-ò-sinmi ti fi ń gbá ibùdó ọkọ̀ ojú irin wa. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò tíì gba ìsinmi ọjọ́ kan.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n hú ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà iwájú, wọ́n to táìlì tuntun síbẹ̀, irú èyí tó máa ń rì díẹ̀ bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Ẹnjiníà tó kó o wá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń lo awò ojú, ní ẹsẹ̀ àwọn èrò ni yóò máa fún ibùdó níná. Ó ní bó bá ṣẹnuure, wọn á rì í mọ́ ojú títì pẹ̀lú, kí táyà ọkọ̀ máa bá wọn ṣiṣẹ́.

"Ṣé ọ̀fẹ́ ni?" Ẹnu-ò-sinmi bi í, ó fara ti ìgbálẹ̀.

"Ọ̀fẹ́ ni, Màmá."

"Irọ́ ni! Látàárọ̀ tí mo ti ń rìn lórí nǹkan rírọ̀ yìí, ó dà bí ẹni ń rìn nínú iyanrìn. Èmi jẹun, iná yín ló ń yó. Tẹ́ ẹ bá sì gbé e dé títì, epo inú mọ́tò ọmọ ọlọ́mọ lẹ máa fà mu nìyẹn."

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá àgbà fẹ́ wá ṣí i, àwọn awakọ̀ ojú irin daṣẹ́ sílẹ̀. Èrò kan ò yọjú. Ọ̀gá dé tòun tàwọn oníròyìn, gílóòbù mẹ́rin tí wọ́n so mọ́ táìlì náà sì ń wò wọ́n látòkè bí ojú òkú. Òógùn bo ẹnjiníà. Ó sáré wá bá wa.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin màmá mi, ẹ bá mi rìn díẹ̀."

Àwa méje la bọ́ sórí táìlì. A rìn, a sáré, a ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Gílóòbù kan ṣẹ́jú, ó tàn. Bá a ṣe dúró mí báyìí, ó kú. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́, ó ní kí Ẹnu-ò-sinmi sọ bó ṣe rí lára rẹ̀. Ẹ ò rí ẹni tó lọ bi!

Ó yíjú sí ẹnjiníà. "Ọmọ mi, ìgbésẹ̀ mélòó ló máa se omi tíì ife kan?"

Ọmọ náà ò lè purọ́. Ó ṣírò lórí fóònù. "Á tó ọ̀kẹ́ kan, Màmá, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún."

"Ọ̀kẹ́ kan! Kí n tó rìn ín tán, ẹ ti gbé mi dé ọsibítù. Ọ̀gá, ẹ bá mi mu tíì yín ní tútù."

Àwọn oníròyìn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó wọkọ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

A rò pé wọ́n máa lé Ẹnu-ò-sinmi lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ẹnjiníà wá bá a nínú yàrá tá à ń kó bọ́kẹ́ẹ̀tì sí.

"Màmá, kí lẹ rò pé nǹkan yìí lè wúlò fún?"

Kò sẹ́ni tó bi í ní irú ẹ̀ rí níbi iṣẹ́. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé ó lè ka ẹsẹ̀ èèyàn?"

"Ó lè kà á. Iná bíńtín tó ń mú wá tó ìyẹn ṣe."

"Ẹ gbé e lọ sí géètì ẹ̀yìn. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbá ẹrẹ̀ bàtà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará ọ́fíìsì ń sọ pé kò sẹ́ni tó ń gbabẹ̀ kọjá, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi fún wa níná síbẹ̀."

Wọ́n gbé táìlì mẹ́wàá lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, táìlì ka èrò ẹ̀yìn, ó jẹ́ ìlọ́po méjì ti iwájú. Ọ́fíìsì ò rí àwíjàre. Wọ́n fa wáyà gidi débẹ̀, wọ́n so gílóòbù gidi mọ́ ọn.

Títí dòní ni ẹnjiníà ń wá bi í ní ìbéèrè, "ọ̀gá mi" ló sì ń pè é. Ẹnu-ò-sinmi á ṣe bí ẹni tí ò gbọ́, kí ọmọ náà lè tún un pè.