Ẹni Tó Ń Lu Igbá fún Òkú Ẹlòmíràn

Ó fa irin jáde láti inú ẹyín iná, ẹnu irin náà sì pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ó fẹ́ eérú kúrò lára rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn igbá tó gbé lé itan. Ṣàà! Èéfín tín-ín-rín gbéra, òórùn rẹ̀ dà bí ti àgbàdo sísun tó ti fẹ́ jóná. Ilà kan hàn lára igbá, ó dúdú, ó tọ́ bí okùn tí a fà le. Kò wọ̀n ọ́n, kò sì fi ẹfun sàmì sí i tẹ́lẹ̀. Bó ṣe ń fín in ló ń kun orin kan lábẹ́ imú.

"Má mí sí mi lọ́rùn," ló wí fún mi ní èdè Mòoré, láìbojú wẹ̀yìn. "Irin kò mọ ọmọdé."

Ọmọ kékeré ni mí nígbà náà, ní Wagadúgù, ní àdúgbò Bilbalogo, nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣèjọba. Oníṣòwò aṣọ ni bàbá mi, láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ògiri amọ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín agbo ilé wa àti ti ìyá yìí. Mọ̀sí ni, ẹ̀yà tó ni ìlú náà, opó ni, orí rẹ̀ ti funfun. Àwa Yorùbá àdúgbò ń pè é ní Ìyá Onígbá, nítorí iṣẹ́ méjì ló ń ṣe, igbá sì ni méjèèjì: ó ń fín igbá tà lọ́jà, ó sì ń lu igbá níbi ìsìnkú.

Màámi fẹ́ràn rẹ̀. Màámi a fi àkàrà ránṣẹ́, òun náà a sì fi òrí dípò. Lọ́jọ́ tí Màámi sọ fún un pé ní Ọ̀yọ́ tiwa, ọkùnrin ló ń fín igbá, pé ọ̀bẹ ni wọ́n sì ń lò, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọkùnrin!" ló ń sọ. "Kí wá ni àwọn obìnrin yín ń ṣe?" Màámi ní, "À ń ta á ni."

Ẹni tí kò bá rí i rí lè rò pé eré ọmọdé ni kí ènìyàn máa lu igbá. Ìlàjì igbá ńlá kan ni yóò dojú rẹ̀ dé lórí aṣọ tó ká mọ́lẹ̀. Yóò ki òrùka irin bọ ìka, yóò jókòó, yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ balẹ̀ láàárín igbá, dùm, ohùn wíwúwo tó ń gba inú ilẹ̀ wọ ara ẹni. Lẹ́yìn náà ni òrùka yóò máa ta létí igbá bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí páànù. Àwọn obìnrin ìyókù a yí i ká pẹ̀lú igbá tiwọn, wọn a máa gbe orin. Bó bá dáwọ́ dúró lójijì, gbogbo àgbàlá a pa rọ́rọ́, ìgbà náà gan-an ni àwọn ọmọ olóòkú a bú sẹ́kún. Ó máa ń ní òun kì í lù ú fún òkú, nítorí òkú kò gbọ́. "Àwọn tó kù láyé ni ẹkún há sí lọ́fun," ló wí. "Èmi ń bá wọn ṣí i ni."

Bàbá mi kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Mùsùlùmí tó ń ṣọ́ra ni, ó ní ilé tí a ti ń kírun kò yẹ kó máa gbọ́ irú ìlù bẹ́ẹ̀. Màámi a ní, "Baálé mi, ṣé kí n fi òwú dí ògiri létí ni?"

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló kù fún Ìyá Onígbá. Ó ga, ó rọra ń sọ̀rọ̀, òun ló ń fi kẹ̀kẹ́ ru igbá ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Àwọn Faransé mú un wọṣẹ́ ṣọ́jà, wọ́n sì kó o lọ jagun ní Ẹndoṣíìn, ilẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa kò mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà ọyẹ́, ògbufọ̀ ọ́fíìsì kọmandan, Faransé tó ń ṣàkóso ìlú, dúró sẹ́nu ọ̀nà ìyá náà. Mo wà níbẹ̀, mò ń fi òrí pa igbá lára. Ọkùnrin náà kò wọlé.

"Ìyá, ọmọ yín kú lójú ogun. Kọmandan ní kí n kí yín."

Ìyá Onígbá gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Níbo ló wà?"

"Wọ́n ti sin ín síbẹ̀."

"Ta ló sin ín?"

Ògbufọ̀ wo bàtà ara rẹ̀. Kò mọ̀. Ó yí padà, ó sì lọ.

Àwọn àgbà ìdílé ọkọ rẹ̀ dé láti abúlé. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi, wọ́n sọ̀rọ̀ títí. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "A kò rí òkú, a kò rí irun orí rẹ̀. Bí ọmọ náà bá wà láàyè ńkọ́? Ẹni tó bá sunkún ẹni tó wà láàyè, ó ń fi í ré ni. Kí ẹnikẹ́ni má sunkún." Wọ́n padà sí abúlé, kò sì sí ẹni tó sunkún.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti fín igbá mọ́. Irin rẹ̀ dógùn-ún nínú eérú. Wọ́n wá pè é síbi ìsìnkú ní àdúgbò Dapoya, ó ní ọwọ́ òun ti gbẹ. Wọ́n tún wá láti Tampouy, ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ wọn. Oúnjẹ tí Màámi ń fi ránṣẹ́ ń padà wá bó ṣe lọ. Àsìkò òjò dé, ó sì kọjá, ìyá náà ṣì jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jìn wọnú, ó ń wo ojú ọ̀nà bí ẹni pé ògbufọ̀ ṣì ń padà bọ̀ wá dáhùn ìbéèrè rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun alásárì lọ́jọ́ kan, Màámi gbé igbá ńlá tí a fi ń fọ ọkà, ó so gèlè mọ́dìí, ó fà mí lọ́wọ́. Bàbá mi wà lórí ẹní rẹ̀.

"Níbo lo ń gbé igbá yẹn lọ?"

"Ilé ẹni tó ṣọ̀fọ̀."

"Ìdílé rẹ̀ ní kò tíì sí ọ̀fọ̀."

"Ìdílé rẹ̀ wà lábúlé," ni Màámi wí. "Èmi ni mò ń gbọ́ bó ṣe dákẹ́."

Bàbá mi wò ó, ó sì padà sórí tẹ̀sùbáà rẹ̀.

Àwọn obìnrin àdúgbò ti ń dúró dè wá níta, Màámi ló ti pè wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ Mọ̀sí, ọ̀kan jẹ́ Haúsá tó ń ta ẹ̀kọ mímu. Kálukú gbé igbá tirẹ̀ dání. A wọlé, a jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú àgbàlá.

Ìyá Onígbá wò wá. "Ta ló kú?"

"A ò mọ̀, Ìyá," ni Màámi dáhùn nínú Mòoré rẹ̀ tí kò já gaara. "Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún wa."

Màámi bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu igbá.

Ó burú. Kò tíì lu nǹkan rí láyé rẹ̀. Ńṣe ló ń lù ú bí ẹni tó ń gbọn eruku lára ẹní. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, onítibí ń lọ tibí, onítọ̀hún ń lọ tọ̀hún, nítorí ìyá náà ló máa ń ṣíwájú wọn, wọn kò sì mọ bí a ti ń lọ láìsí i. Ojú tì mí fún ìyá mi. Ìyá Onígbá fi ọwọ́ bo etí. "Ẹ dáwọ́ dúró," ló wí. Wọn kò dáwọ́ dúró. Màámi ń wo igbá iwájú rẹ̀, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń lù ú ní àlùbàjẹ́.

Ìyá náà dìde. Ó rọra gbẹ́sẹ̀ wá, ó di ọrùn ọwọ́ Màámi mú.

"Bẹ́ẹ̀ kọ́! Ilẹ̀ ni o máa kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Àárín. Mo ní àárín!"

Ó kúnlẹ̀, ó gba igbá náà, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ lásán lù ú. Dùm. Àwọn yòókù gbé ọwọ́ kúrò lórí igbá tiwọn. Ó tún lù ú. Kò sí òrùka lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn igbá náà wúwo, ó ṣú. Ó ń lù ú, orí rẹ̀ ń mì, àwọn obìnrin sì rọra wọlé sábẹ́ ohùn rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi di ohun kan ṣoṣo. Ó bá dáwọ́ dúró lójijì. Ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó tún un pè, ẹkún sì bẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. N kò gbọ́ irú ẹkún bẹ́ẹ̀ rí. Màámi gbá a mọ́ra, àwọn méjèèjì ń sunkún lórí igbá ìfọkà wa.

Nígbà tí oòrùn ń lọ wọ̀, a rí bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó bọ́ bàtà, ó gbé e dání. A kò mọ ìgbà tó dé.

"Ọlọ́run yóò tù yín nínú, Ìyá," ló wí. "Ọmọ rere ni."

"Barka," ni ìyá náà fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní èdè tirẹ̀.

Àgbà ìdílé kan tún ti abúlé wá láti bèèrè ẹni tó fún Ìyá Onígbá láṣẹ láti sunkún. Ìyá náà ní, "Èmi ni mo bí i. Mo mọ ìgbà tó wọ ayé, mo sì mọ ìgbà tó jáde." Àgbà náà mu omi, ó sì lọ.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí iná fi tún ń jó lágbàlá rẹ̀, tí irin ìfíngbá sì tún wà nínú ẹyín iná. Nígbà tí òmìnira dé, wọ́n pè é kó wá lugbá níwájú àwọn ènìyàn ńlá. Ó lọ, ó lù ú, ó padà sílé, ohun tó sọ kò ju pé ẹsẹ̀ ń ro òun. Ìlú Bóbò ni mo wà lọ́dọ̀ ọkọ mi nígbà tí Ìyá Onígbá kú. Wọ́n ní àwọn obìnrin kún agbo ilé rẹ̀ títí dé ojú títì, wọ́n sì lu igbá dáadáa.

Èmi kò kọ́ igbá lílù, n kò sì lè fín in. Ṣùgbọ́n mo ti sin ọkọ, mo ti sin ọmọ, mo sì ti rí bí àwọn ènìyàn ṣe ń dúró sí ìta ilé ọ̀fọ̀ nítorí wọn kò mọ ohun tó yẹ kí wọ́n sọ. Èmi kì í dúró. Mo ti mọ̀ pé a lè ṣe é láìmọ̀ ọ́n ṣe, pé ó sàn kí a wọlé ká ṣe é ní àṣebàjẹ́ ju kí a dúró síta lọ. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, oyún bà jẹ́ lára ọmọbìnrin kan tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa. Ọkọ rẹ̀ ní kò sí nǹkan, dókítà ní yóò tún lóyún, kálukú sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo wọlé tọ̀ ọ́. N kò mọ ohun tí mo máa sọ. Mo jókòó, mo ní, "Ìyàwó, kí lo fẹ́ sọ ọmọ náà?"

Ó sún mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló dárúkọ rẹ̀ fún mi.